Eegun Màmá Mi Tó Ṣáájú Wọn Wọlẹ̀

Ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ìlaró ni Màmá ti fẹ́ ṣe àlùwàlá tí ẹsẹ̀ wọn fi yọ̀, tí wọ́n ṣubú. Mo ti wí títí pé kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá nǹkan ṣe sí ilẹ̀ ibẹ̀, ẹni tó máa gbọ́ ni kò sí. Nígbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà eegun ní Abẹ́òkúta, ẹsẹ̀ ọ̀tún Màmá ti kúrú ju tòsì lọ, ó sì ti yí síta.

Dókítà gbé àwòrán eegun náà síwájú iná. Ó ní ọrùn eegun itan ló kán, níbi tó ti wọ inú ìgbáròkó, ọ̀nà méjì ló sì wà. Èkíní ni pé kí wọ́n fi ìdè irin de orí eegun náà mọ́ ara rẹ̀, kó lè jinná. Èkejì ni pé kí wọ́n yọ orí eegun náà dànù, kí wọ́n fi ti irin rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń dáhùn kí ìbéèrè tó parí, ní, "Ẹ dè é. Ẹ fi ohun tí Ọlọ́run fún wọn sílẹ̀ fún wọn."

Dókítà ò bínú. Ó ṣàlàyé pé bí eegun bá kán tó sì yẹ̀ báyìí lára àgbàlagbà, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé orí rẹ̀ sábà máa ń já. Wọ́n lè dè é tán kó tún kú síbẹ̀, ká sì tún gbé Màmá padà wá fún iṣẹ́ abẹ mìíràn. Ní ti onírin, kò ní pẹ́ tí Màmá á fi máa tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, àmọ́ wọn ò ní lóṣòó mọ́, orí àga ni wọ́n á sì ti máa kírun. Mo mọ èyí tí mo fẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ pẹ́, wọn ò ní dìde mọ́. Mo ti rí i lára àgbàlagbà púpọ̀ ládùúgbò wa.

Màmá gbọ́ ti gbogbo wa tán. Wọ́n ní, "Dókítà, ọmọ mi, eegun tí ẹ bá yọ ńkọ́?"

Dókítà ní ṣe ni àwọn máa ń dáná sun ún.

"Ẹ dáná sun kí ni? Ẹ ò ní yọ nǹkan kan lára mi nìyẹn. Odindi ni mo wá, odindi ni mo máa wọlẹ̀."

Wọ́n kọjú sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó jàre ẹjọ́. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Dókítà, ẹ gbé e fún wa," ni mo wí. "A ó gbé e lọ sílé, a ó sin ín."

Dókítà wò mí, ó wo Màmá, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí wàhálà. Màmá yíjú padà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ gbé abẹ yín."

Ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ni wọ́n mú Màmá dìde lórí ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n pariwo, wọ́n bú nọ́ọ̀sì, wọ́n gbé ẹsẹ̀. Inú mi dùn dé góńgó.

Lọ́jọ́ tí à ń lọ sílé, inú ike onídèérí ni eegun náà wà, lórí ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń wakọ̀ ò gbà kó wà nítòsí òun. Lójú ọ̀nà, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá wa dúró. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa mọ̀ pé wíwá ìrẹsì fàyàwọ́ kì í sú wọn. Wọ́n tú ẹ̀yìn ọkọ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Ni ọ̀kan bá nawọ́ sí ike ọwọ́ mi.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìgbáròkó mi ni," Màmá dáhùn láti ẹ̀yìn. "Ẹ ṣí i wò."

Ọkùnrin náà wo ojú Màmá, ó wo ike, ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Màmá, ẹ máa lọ o. Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà." A rẹ́rìn-ín títí a fi dé Ìlaró, títí kan ẹ̀gbọ́n mi.

Àáfà àdúgbò wa ló fi aṣọ funfun wé eegun náà. Ẹ̀gbọ́n mi gbẹ́ kòtò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Bàbá wa. Màmá dúró tì í lórí ọ̀pá, wọ́n ń pàṣẹ pé kó gbẹ́ ẹ jìn sí i, kí ajá má baà hú u. Bí wọ́n ṣe bò ó tán, Àáfà fẹ́ máa lọ.

"Àáfà, ẹ ò kírun sí i lára?"

"Màmá, òkú là ń kírun sí lára. Ẹni tó ni eléyìí ṣì wà láàyè."

Màmá wo ilẹ̀ tútù náà, wọ́n wo ẹsẹ̀ ara wọn. "Òótọ́ ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì ní ebi ń pa àwọn. Wọ́n yí ọ̀pá padà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dúró létí sàréè, à ń wo bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé lọ.