Imú Mi Ti Mu Ìpín Tèmi

Bí mo bá ti rí ìgò mínírà, alága ẹgbẹ́ ìlú wa ní Gwarinpa ni mo máa ń rántí. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá a fínra. Níbi ìsọmọlórúkọ, á ṣí mínírà tirẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, á wá gbé e fún mi.

"Àbúrò, bá mi mu ún. Imú mi ti mu ìpín tèmi."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù mínírà ń bà yín ni?"

"Rárá o. Ẹsẹ̀ mi ni mo fẹ́ràn."

Màá rẹ́rìn-ín, màá mu méjèèjì.

Ogbó ló pa á, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé. Lọ́sẹ̀ tí a sin ín gan-an ni dókítà sọ fún mi pé ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tèmi náà. Wọ́n pín mínírà níbi àdúrà rẹ̀. Mo ṣí i, mo gbóòórùn rẹ̀, mo gbé e fún ẹni tó jókòó tì mí.

Ó fi mí rẹ́rìn-ín.