Àwọ̀ Ewé Tó Ṣì Wà Láàyè

"Ẹ má mira," ni bàbá kan tó ń bá wa gbé ilé kan náà wí, gbogbo wa sì dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ igi dóńgóyárò àgbàlá wa ní Alajo, lẹ́yìn odi. Ọ̀sán gangan ni. Òórùn ọṣẹ dúdú tí ìyá àgbà mi ń rò nínú ìkòkò gba gbogbo ilé kan. Bàbá yìí ti fi díńgí dúdú kan bo ojú kámẹ́rà rẹ̀. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tí àwòrán rẹ̀ fi ń pẹ́ kó tó yọ.

Nígbà tó fi hàn wá, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò, ewé igi wa sì funfun bí òwú. Ìyá àgbà mi gbójú kúrò. Ó ní aṣọ òkú ni òun rí yẹn.

"Rárá, Ìyá Ọlọ́ṣẹ," bàbá dá a lóhùn. "Ewé tó wà láàyè ló ń funfun báyìí. Èyí tó bá ti kú, ṣe ló máa ń ṣú."

Olóògbé ìyàwó rẹ̀ ló gbin igi náà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Nígbà tí onílé ní òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, bàbá bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn agégi dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń han gooro. Kí oòrùn tó mú, igi ti wà nílẹ̀.

Bàbá gbé kámẹ́rà jáde, ó ya àwọn ẹ̀ka tó wó. Mo sáré lọ wo àwòrán náà: funfun ni wọ́n ṣì wà. Ó bẹ àwọn agégi pé kí wọ́n má tíì kó wọn. Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti yọ, á fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀ka náà, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, á tún ya wọ́n. Àwọn ará ilé ní arúgbó ti ń ṣarán. Ìyá àgbà mi kò dá sí i. Ẹ̀kọ gbígbóná ló ń ní kí n gbé lọ fún un.

Lọ́jọ́ tí àwọn ewé náà ṣú nínú àwòrán, ó pè mí.

"Ó ti lọ báyìí," ó ní. Ó ṣàdúà fún ìyàwó rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n wá kó igi.

Bàbá náà ti kú tipẹ́. Nígbà tí àìsàn gba ohùn ìyá àgbà mi, tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, àwọn àbúrò mi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣojú rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Èmi ń jókòó tì í. Mo ń ròyìn ọjà Agbogbloshie fún un, ẹni tó bímọ, ẹni tó padà sílé. N kò rí ohunkóhun lójú rẹ̀ tó fi hàn pé ó ń gbọ́. Mo ṣáà ń sọ ọ́ lọ.