Màmá Ikúbọlájẹ́ àti Oòrùn Àgbàsìn

Ohun méjì ni Màmá Ikúbọlájẹ́ kì í gbà fún àwọn ayálégbé wọn: kí èèyàn da omi ìdọ̀tí sí àgbàlá, àti kí èèyàn ba Yorùbá jẹ́ létí wọn. Èkejì ló wúwo jù. Olùkọ́ Yorùbá ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìfẹ̀yìntì náà kò sì tíì dé ẹnu wọn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá gba ìsọ̀ lọ́wọ́ wọn ní Àgbowó, mo ní, "Màmá, mo wá rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù." Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní kí n jáde, kí n tún wọlé, kí n wá sọ ọ́ bí ọmọ tí wọ́n bí nílé. Èmi Ìyá Tiwaladé, télọ̀, abiyamọ! Mo jáde lóòótọ́, mo tún wọlé, mo ní mo wá gba ìsọ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wá ilé lọ sí Òjóò, ṣùgbọ́n ìsọ̀ náà dára, ó sì kọjú sí títì.

Èkìtì ni wọ́n ti bí wọn, iṣẹ́ ọkọ ló gbé wọn dé Ìbàdàn. Ọkọ náà, tó ti di olóògbé, ló kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a wà yìí: ìsọ̀ ní ìsàlẹ̀, ilé gbígbé lókè. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Ṣèyífúnmi, wà ní Kánádà pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Màmá nìkan ló ń gbé òkè, àwọn pẹ̀lú Bíbélì Yorùbá ńlá kan àti rédíò kan. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ lórí rédíò náà, wọ́n á bá a wí. Mo ti gbọ́ ọ rí tí wọ́n jágbe mọ́ ọn pé, "Jókòó!"

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í bẹ̀rù wọn ni Bàdírátù, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Yúgọ́tì àti sóbò ló ń ṣe tà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì sì máa ń tò síwájú ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án. Àràárọ̀ ló máa ń gbé yúgọ́tì lọ fún Màmá lókè, tí á sì pẹ́ níbẹ̀. Màmá á ní ṣúgà ti pọ̀ jù, Bàdírátù á ní ahọ́n Màmá ló ti gbó. Bí ààwẹ̀ bá dé, Màmá ló ń gé èso tí Bàdírátù fi ń ṣínu. Bí Kérésì bá dé, Bàdírátù ló ń dín adìyẹ Màmá. Onílé àti ayálégbé kọ́ nìyẹn, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Àfi ọ̀ràn iná. Iná ìjọba kì í dúró kí wa dáadáa kó tó máa lọ, nítorí náà olúkúlùkù wa ló ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn ilé: tèmi fún ẹ̀rọ ìránṣọ, ti Mark tó ń gẹrun, ti Bàdírátù fún fíríìjì. Bí gbogbo wọn bá ń ké pọ̀, ariwo la fi ń kí ara wa. Oníbàárà kan ní kí n dín apá aṣọ òun kù, èmi gbọ́ pé kí n gé e kúrò, mo sì gé e kúrò. Síbẹ̀, tèmi sàn. Bí jẹnẹrétọ̀ Bàdírátù bá kú lójijì, gbogbo yúgọ́tì inú fíríìjì á kan ju bó ṣe yẹ lọ, á di dídànù.

Nígbà tí Bàdírátù da yúgọ́tì nù títí tó sú u, ó wá ìsọ̀ mìíràn lọ, ó sì rí ọ̀kan ní Onírèké, nínú ilé tí wọ́n ti gbé sólà sí. Ó gòkè lọ sọ fún Màmá pé bí oṣù bá parí, òun á kó lọ. Mo wà níbẹ̀. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni mo gbé wá. Màmá ò bi í pé kí ló dé. Wọ́n kàn ní, "Ó dáa. Ọlọ́run á ṣíwájú rẹ, á sì tì ọ́ lẹ́yìn." Bàdírátù dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí nǹkan mìíràn, ó ní, "Àmín, mà," ó sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe lọ tán, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka yí bọ́tìnì aṣọ tuntun náà, wọ́n ń yí i, wọ́n ń yí i, títí ó fi já. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n wọra. Bí Bàdírátù bá lọ, ta ni yóò kù tí yóò máa bá wọn ṣe àríyànjiyàn lórí òkè yẹn?

Màmá tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun òrùlé wọn, àwọn náà ló wá gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ilé-iṣẹ́ kan wà ní Dùgbẹ̀ tó ń gbé sólà sí orí ilé ìtajà, tí onílé ò ní náwó, tí ayálégbé ò sì ní náwó láti gbé e síbẹ̀. Màmá ránṣẹ́ pe ilé-iṣẹ́ náà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Wọ́n kìlọ̀ lórí fóònù pé ẹni tó bá máa wá, Yorùbá ni kó wá sọ.

Ilé-iṣẹ́ náà rán Olúdọ̀tun wá, ẹnjiníà kan tó wọ ṣáàtì funfun, ọmọ dáadáa. Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹnu ìyá ìyá rẹ̀ lórí fóònù ló sì ti kọ́ ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́. Gbogbo wa péjọ sí ìsọ̀ Bàdírátù, nítorí ibẹ̀ ló fẹ̀ jù. Olúdọ̀tun dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá, inú wọn dùn. Ó dìde, ó la ẹnu.

"Màmá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ò ní san nǹkan kan. Orí yín nìkan la nílò."

A wo ojú ara wa.

"A máa lo orí yín fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ó ń bá a lọ tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mo ti wò ó láti ìta. Ó ti gbó díẹ̀, ó sì ń jò, ṣùgbọ́n a máa kọ́kọ́ tún un ṣe. Tí a bá lò ó tán, a máa fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín."

"Aúsù bílláhì!" Bàdírátù ló pariwo. Mark ti dìde lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà kí àlejò wa má baà rí ibi sá gbà. Obìnrin kan tó wá ra sóbò ti bọ́ sí títì, ó ń ké pé ẹ gbà wá o, wọ́n ti wá gba orí onílé. Ní ayé tí a wà yìí, tí gbogbo èèyàn ń gbọ́ ìròyìn àwọn tó ń fi orí ẹlẹ́ran ara ṣe owó, ta ló máa dúró gbọ́ àlàyé? Èmi fúnra mi ti gbá sísọ́ọ̀sì mi mú.

Màmá nìkan ni kò mira. "Ìwọ ọmọ yìí," wọ́n ní, "orí ta ni?"

"Orí yín, mà." Ó ń fi ìka tọ́ka sókè. Òógùn ti bò ó. "Orí... orí ilé."

"Háà! Bó o bá ti gbàgbé ilé níbẹ̀, o ti pa mí nìyẹn. Òrùlé. Wí."

"Òrùlé."

"Tún un wí kí àwọn ará ìta gbọ́."

"Òrùlé, mà!"

Ìgbà yẹn ni Màmá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in títí omi fi jáde lójú wọn, Mark fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, èmi náà sì fi sísọ́ọ̀sì sápò. Bàdírátù gbé sóbò tútù fún Olúdọ̀tun kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ náà.

Mark kò tíì gbà. "Òrùlé ti yé wa," ó ní. "Ọ̀fẹ́ yẹn ni kò yé mi. Ta ló ń fún èèyàn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìbàdàn?"

Olúdọ̀tun rọra ṣàlàyé. Àwọn olówó kan ló wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ wọn. Àwọn ló máa ra sólà àti bátìrì, àwọn ló máa gbé e sókè, àwọn ló máa tún òrùlé ṣe. Àwa ayálégbé á máa ra iná rẹ̀ lóṣooṣù, iye rẹ̀ kò sì ní tó ohun tí a ń dà sínú jẹnẹrétọ̀. Màmá á máa gba ìpín díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá pé, gbogbo rẹ̀ di ti ilé.

"Ẹ rí i?" Mark ní. "A máa san nǹkan. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́. Oníjìbìtì ni wọ́n!" Bàdírátù náà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ariwo sọ. Olúdọ̀tun ń wí, Mark ń wí, n ò sì lè sọ pé èmi dákẹ́.

Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì. "Ẹ gbẹ́nu dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí ń wá, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àgbàsìn ni."

Wọ́n ní nílé àwọn ní Èkìtì, ẹni tó ní ewúrẹ́ lè máà ní ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ní àyè àti èèpo iṣu lè máà ní owó ewúrẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ á mú ewúrẹ́ wá, ẹnì kejì á gbà á sìn, bó bá bímọ, wọ́n á pín in. Ìyá tó bí wọn gba ewúrẹ́ sìn títí ó fi ní agbo tirẹ̀, owó agbo yẹn ló sì rán wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. "Àwọn ará Dùgbẹ̀ ló ni ewúrẹ́. Èmi ni mo ni àyè tó máa dúró sí. Ẹ̀yin lẹ máa máa mu wàrà rẹ̀, ẹ ó sì máa sanwó wàrà. Èwo ni kò yé ọ níbẹ̀, Mark?"

Mark ronú. "Ó yé mi. Àmọ́ bí ewúrẹ́ bá kú ńkọ́?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, gbogbo wa sì yíjú sí Olúdọ̀tun. Bí àrá bá sán pa sólà ńkọ́? Bí bátìrì bá jó? Màmá ní lábẹ́ òfin àgbàsìn, ẹni tó ń sìn ín kì í san ewúrẹ́ tó bá kú fúnra rẹ̀. Kó ṣáà ti ránṣẹ́ pe olówó ẹran kó wá fojú rí òkú rẹ̀. Olúdọ̀tun bọ́ síta, ó fi fóònù pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà, tó jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, rẹ́rìn-ín débi pé a gbọ́ ọ láti inú ìsọ̀. Ó ní, "Sọ fún Màmá pé àgbàsìn ni lóòótọ́. Bó bá kú, kí wọ́n pè wá, a ó wá wo òkú rẹ̀." Yorùbá ni wọ́n fi kọ ìwé àdéhùn náà. Màmá fi bírò pupa tọ́ka sí àṣìṣe agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n dá a padà fún un kó tún un kọ, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Wọ́n pààrọ̀ páànù tó ń jò, wọ́n to sólà sókè, wọ́n fa wáyà wọnú ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí wọ́n tan iná náà, a pa àwọn jẹnẹrétọ̀ wa. Ẹ wo ìdákẹ́jẹ́! A ṣì ń jágbe bá ara wa sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán kí ojú tó tì wá. Ẹ̀rọ mi ń sáré, fíríìjì Bàdírátù tutù nini, Mark ń gẹrun, ó ń súfèé. Inú mi dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Lọ́jọ́ kejì ni mo rí Bàdírátù tó ń kó àwọn ike rẹ̀ sínú páálí.

"Kí lò ń kó?"

"Oṣù ti ń parí, Ìyá Tiwaladé. Mo ti bá ará Onírèké sọ̀rọ̀."

"Iná tó dé yìí ńkọ́?"

"Mo dúpẹ́ pé ó dé." Kò wò mí lójú. "Ṣé iná ló máa ní kí n dúró?"

Ó yà mí lẹ́nu, ó sì bí mi nínú. Mo gun àtẹ̀gùn lọ bá Màmá. Ojú fèrèsé ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ti rí páálí. Mo ní, "Màmá, ẹ sọ fún un kó má lọ!"

"Iná tí mo lè fà wá, mo ti fà á wá," wọ́n ní. "Àgbà kì í dí ọmọ lọ́nà ibi tí oúnjẹ rẹ̀ wà. Mo ti gbàdúrà fún un."

"Ẹ ti kọ́ ẹnjiníà lọ́rọ̀, ẹ kọ́ agbẹjọ́rò, ẹ kọ́ rédíò pàápàá. Bàdírátù nìkan lẹ ò ní ọ̀rọ̀ fún?"

Ohùn mi ti lọ sókè ju ohùn tí èèyàn fi ń bá onílé sọ̀rọ̀. Màmá dìde. Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n di ara ògiri mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ náà. Kò sí ariwo kankan mọ́ tí wọ́n lè fi bojú.

"Bàdírátù."

"Mà."

"Má lọ."

Bàdírátù gbé páálí sílẹ̀. "Torí owó ilé ni, mà, àbí torí iná tí ẹ ti fà?"

"Torí mi ni. Mi ò fẹ́ kí o lọ. Láti ọjọ́ tí o ti sọ ọ́ ni mi ò ti sùn dáadáa."

Bàdírátù bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò bi mí pé kí ló dé! Àdúrà lẹ gbà fún mi. Mo ní ẹni tí wọ́n bá ń ṣàdúrà kó máa lọ, ó ti sú wọn nìyẹn."

"Kò sú mi."

"Gbogbo Yorùbá tí ẹ mọ̀ yìí, Màmá. Ẹ wo bó ṣe pẹ́ kí ẹ tó sọ ọ́."

Màmá ò rí nǹkan kan tọ́ka sí nínú gbólóhùn yẹn. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọn ò sì fi í sílẹ̀, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ike náà padà sórí pẹpẹ.