Ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi àti Mọ́ọ̀tì Onímílíìkì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í jókòó lọ́jà. Ìdúró ni mo máa ń bá a ní Mile 12, láàárín apẹ̀rẹ̀ tàtàṣé àti ata rodo, tí á máa pàṣẹ fún àwọn alábàárù bí ẹni pé òun ló bí wọn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo dé ìsọ̀ rẹ̀ tí mo bá a níbi tó fara ti òpó, tó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun afárá Ketu, mo rò pé eré ló fẹ́ bá mi ṣe.

"Àlhájà, ìgbà wo lẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ ò pè wá síbi ayẹyẹ?"

"Akọ̀wé, pa ẹnu ẹ dé. Wá fà mí lọ́wọ́."

Mo fà á. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ tútù. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Ó ti pẹ́ tó ti ń fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ fún wa. Kókó kan wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní fáíbrọ́ìdì, òun ló sì ń jẹ́ kí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ya bí omi ẹ̀rọ tó bẹ́. Ní ilé ìwòsàn tí mo gbé e lọ, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ló máa yọ kókó náà kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju ohun tí wọ́n lè fi abẹ kàn lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún dà lórí tábìlì, ó lè má dìde níbẹ̀ mọ́.

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó gbóná, àwọn ará ọjà ti kún iwájú ilé ìwòsàn. Oníàlùbọ́sà wà níbẹ̀, awakọ̀ tó ń kó tòmátò wá láti Òkè Ọya wà níbẹ̀, àwọn alábàárù náà ti ká apá aṣọ wọn sókè.

"Tèmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ fà," ni ọ̀gá àwọn alábàárù, ọmọ apá Ọ̀yọ́ kan, wí. "Ẹ̀jẹ̀ tèmi gbóná."

"Ó máa gbóná ni," ni oníàlùbọ́sà dá a lóhùn. "Ìwọ tó o fi páráága jẹun àárọ̀! Ṣé o fẹ́ kí Àlhájà jí kó máa ta gbọ̀n-ọ́ngbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí ni?"

A rẹ́rìn-ín. Ọkàn wa ti balẹ̀. Lójú wa, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dín, ká bù ú sí i ló kù, bí ẹni ń bu omi sínú ìkòkò.

Dókítà tó wá tọ́jú rẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé èèyàn ní láti sún mọ́ ọn. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Mummy, ṣé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára rí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ju ọwọ́. "Ó ti pẹ́. Ìgbà tí mo bí ọmọ mi kejì ni."

"Báwo ló ṣe rí lára yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, èmi náà wò ó. Mo rántí. Ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé àpò ẹ̀jẹ̀ kọ́, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n débi pé irin bẹ́ẹ̀dì ń ró. Ara rẹ̀ gbóná, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi zóbò. Wọ́n sáré já àpò yẹn, wọ́n sì wá òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ ló gbà á là lọ́jọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Àwa rò pé wàhálà ìbímọ ni. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè láti ìgbà náà, àwa náà ò sì sọ.

A sọ ọ́ fún dókítà, ó sì tẹ́tí gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì já ọ̀rọ̀ gbà. Ìgò kékeré, irú èyí tí wọ́n ń lò fún ọmọdé, ló fi gba ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ yẹ̀ wò, ó ní ẹni tí kò ní púpọ̀, kò yẹ kí òun tún gba púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará ọjà tó bá tirẹ̀ mu, títí kan ti àwọn tí wọ́n jọ wà ní ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ kan náà. Láti ọjọ́ ìbímọ yẹn ni ara rẹ̀ ti kọ́ láti máa bá ẹ̀jẹ̀ àjèjì jà.

"Mummy, kí ló jẹ yín lógún jù?"

"Kí n padà sídìí ata mi. Kí n má sì gbọ̀n bí mo ṣe gbọ̀n níjọ́sí."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ran ara yín lọ́wọ́ kó ṣe ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀." Ó ní òun máa fún un lóògùn tó máa dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kù, àti oògùn tó ní èròjà irin, tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á sún iṣẹ́ abẹ síwájú, wọ́n á sì máa wá àpò ẹ̀jẹ̀ tó bá a mu, kó lè wà nílẹ̀ bí nǹkan bá le.

Àbúrò ìyá wa, tó bá wa wá sílé ìwòsàn, ò fara mọ́ ọn rárá. "Odindi ọjà wá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní ká máa gbé aláìsàn lọ sílé? Irú dókítà wo nìyẹn?"

A gbé e lọ sílé ní Ketu, àwọn àlejò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ta ló máa kí aláìsàn ní Èkó tí kò ní gbé mọ́ọ̀tì àti mílíìkì alágolo dání? Gbogbo wa la mọ̀ pé tí wọ́n bá po méjèèjì pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kún títí mo fi bi í pé ṣé ó ti fi ata sílẹ̀ ni, ṣé kí n bá a kọ bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù. Ó ju ìrọ̀rí lù mí. Inú mi dùn pé agbára ìrọ̀rí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a padà lọ wo ẹ̀jẹ̀ náà, kò gòkè tó nǹkan kan.

Àbúrò ìyá wa pàtẹ́wọ́. "Mo wí bẹ́ẹ̀!" Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń wo ilẹ̀. A mọ ohun tó ń rò: bí kókó yẹn bá tún ya ẹ̀jẹ̀, ta la fẹ́ sáré bá?

Dókítà ò bá ẹnikẹ́ni jà. "Mummy, ẹ lo oògùn yẹn lójú mi, bí ẹ ṣe ń lò ó nílé."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde jókòó dáadáa, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìdáhùn. Ó mú mọ́ọ̀tì jáde nínú báàgì, ó mú mílíìkì, ó po ó nínú kọ́ọ̀bù títí ó fi hó, ó ju oògùn sẹ́nu, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì, ó gùnfẹ̀. "Alhamdulillah."

Dókítà fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé mílíìkì a máa dí oògùn yẹn lọ́nà, kì í jẹ́ kó wọ ara bó ṣe yẹ. Omi ni kó máa fi lò ó, tàbí omi ọsàn, kí mílíìkì àti tíì sì jìnnà sí i. "Èmi ló yẹ kí n ti bi yín," ló wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ṣé gbogbo mílíìkì tí mo ń mu yìí, ọ̀tá mi ni mo ń bọ́?"

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, mi ò lè rín in. Àkókò ló ti bọ́ lọ́wọ́ wa yẹn.

Dókítà fa èròjà irin náà sí i lára gba inú iṣan, kó lè yára. Ẹ̀gbọ́n mi sì ránṣẹ́ sọ́jà pé ẹni tó bá ń bọ̀ wá kí òun, ọsàn ni kó rù wá. Ọsàn rọ́ dé! Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ku àwa méjì nìkan, ó ń bó ọsàn, ó dáwọ́ dúró.

"Akọ̀wé, tó bá wá kọ̀ tí ò gòkè ńkọ́?"

Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a bó ọsàn náà tán.

Ó gòkè. Díẹ̀díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n inú ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ́n, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi láì sinmi mí láàárín. Wọ́n wá kiri títí wọ́n fi rí àpò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó bá a mu. Wọ́n gbé e sínú fíríìjì dè é, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Èmi àti àbúrò ìyá wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí dókítà fi jáde tó bọ́ fìlà orí rẹ̀.

"Ó ti parí. Ẹ̀jẹ̀ tó dà ò pọ̀. A ò fọwọ́ kan àpò yẹn."

Àbúrò ìyá wa wólẹ̀ lórí táìsì. Èmi di bẹ́ǹṣì mú.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ jókòó fúnra rẹ̀, ó béèrè. "Dókítà mi, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ gbé pamọ́ dè mí ńkọ́?"

"Ìyá ọlọ́mọ tuntun kan ló nílò rẹ̀, Mummy, ní wọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀. A yẹ̀ ẹ́ wò, ó bá tirẹ̀ mu. Wọ́n ti fẹ́ gbé e kọ́ fún un."

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi àtàǹpàkò ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo rò pé àdúrà ló fẹ́ gbà. Ó na ọwọ́, ó di etí aṣọ dókítà mú.

"Ṣé ẹ bi í bóyá wọ́n ti fà á sí i lára rí? Ṣé ẹ bi í bó ṣe rí lára ẹ̀?"

"Wọ́n ti bi í, Mummy."

"Ẹ tún bi í. Ẹ jókòó tì í bí ẹ ṣe jókòó tì mí."

Kò fi aṣọ náà sílẹ̀ àfìgbà tí dókítà gbà. A gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń lọ sísàlẹ̀.