Bàbá Orí Afárá

Òórùn ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tó ti gbóná láti àárọ̀, tó dà pọ̀ mọ́ òórùn bẹntiróòlù inú jẹnẹrétọ̀ tí mo fi ṣéènì so mọ́ ẹ̀yìnkùlé, òun ló kọ́kọ́ máa ń padà sí mi nímú nígbàkígbà tí mo bá rántí ìgbà tí mo ní ilé gémù ní Láfẹ́nwá. Ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíì pé àwọn náà ní ilé gémù láyé ìgbà yẹn. Wọn ò parọ́, wọ́n ní in. Ṣùgbọ́n tèmi ni wọ́n ń wá láti Aké, láti Ìjàyè, kódà láti Wásinmi lọ́jọ́ ọdún Iléyá, tí wọ́n á wọ ṣòkòtò tuntun wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi bí ẹni tó wá kí àna. Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, mi ò sì fi bò. Mo ṣe díẹ̀ ní pírámárì, mo ṣe díẹ̀ ní ilé kéwú, òwò ló kọ́ mi ní ìyókù. Yorùbá tí ẹ ń kà yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ẹni tó bá rò pé ẹnì kan ló bá mi kọ ọ́, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Gémù tó gbé orúkọ mi dé ìta ni èyí tí a ń pè ní Gémù Afárá. Ó ní orúkọ òyìnbó gígùn kan lára páálí rẹ̀, àwa ò bá ìyẹn lọ. Ọmọkùnrin kan tó ní idà lọ́wọ́ ló wà nínú rẹ̀, tó ń wá ọ̀nà padà sí ìlú tí ogun ti lé e kúrò. Ibi tí gémù náà ti kọ́kọ́ le ni orí afárá onígi kan, níbi tí bàbá arúgbó kan dúró sí pẹ̀lú ọ̀pá, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, kì í sọ̀rọ̀, kì í kúrò lójú kan. Kí o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ òyìnbó á kọ́kọ́ kún ojú tẹlifíṣọ̀n bámúbámú. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ débẹ̀, gbogbo àwọn oníbàárà mi yíjú sí mi. Kò sí ẹni tó lè kà á nínú wọn. Mo dìde, mo tú u fún wọn. Mo ní bàbá ọmọkùnrin yẹn gan-an nìyẹn. Mo ní ogun ló gba iyè lórí rẹ̀, kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́, ohun kan ṣoṣo tó rántí ni pé wọ́n ní kí òun ṣọ́ afárá. Ẹni tí páàdì tí a fi ń darí gémù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, gbé páàdì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ò lè yọ idà sí bàbá mi o."

Bí òfin ilé mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá dé orí afárá, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bàbá. Á dúró, á kí i ketekete kí gbogbo ilé gbọ́: "Ẹ kú ìdúró o, bàbá!" Lẹ́yìn náà ni á máa ṣọ́ ìgbà tí bàbá bá gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, kó jẹ́ kí ọmọkùnrin náà dojú bolẹ̀ gbalaja, kó yọ̀ kọjá lábẹ́ ọ̀pá. Tí ẹ bá rí i lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ ò ní sọ pé ìjà ni. Ìdọ̀bálẹ̀ ni. Àwọn ọmọ Aké tó bá wá sọ́dọ̀ wa á ṣá bàbá lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gba agbára tó bá já bọ́ lára rẹ̀, wọ́n á máa lọ. Àwọn èèyàn mi á wá bò wọ́n: "Ẹ ò ní ẹ̀kọ́ ilé! Ẹ ò kí àgbà!" Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, nígbà tí a bá figagbága, tiwa ló ń lékè. Ẹni tó ti fi oṣù rẹpẹtẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ kọjá lábẹ́ ọ̀pá, irú ọ̀tá wo ló tún fẹ́ ká a mọ́ níwájú? Èmi ni mo kọ́ wọn. Alága ni wọ́n ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Àbúrò mi ló fẹ́ràn bàbá orí afárá jù. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí bàbá wa kú, kò mọ ojú rẹ̀, èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà. Nírọ̀lẹ́, bí mo bá ti ń pa jẹnẹrétọ̀, á di etí ẹ̀wù mi mú: "Bọ̀ọ̀dá, lẹ́yìn náà ńkọ́?" Mo sì máa ń dá a lóhùn. Mo ní kí bàbá yẹn tó di arúgbó, ó máa ń súfèé bó bá ń fá irùngbọ̀n. Mo ní kì í jẹ iyán tí kò bá gbóná. Mo ní bó bá ń bínú, ńṣe ló máa ń rọra sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á sì wálẹ̀ dípò kó gòkè. Gbogbo ìyẹn ò sí nínú gémù kankan. Àbúrò mi á gbọ́ ọ títí, á tún ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Bí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tó dùn mọ́ mi jù láyé mi, títí kan ọjọ́ tí mo kọ́lé, ìbéèrè yẹn ni.

Owó ilé gémù yẹn ló rán an nílé ìwé. Ó lọ, ó sì mọ̀ ọ́n, nítorí ọmọ ìyá mi ni. Nígbà tó wá sílé fún ìsinmi, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn oníbàárà, òyìnbó tó máa ń kún ojú tẹlifíṣọ̀n tún jáde, ó sì kà á parí.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ pé bàbá rẹ̀ nìyí?"

"Èmi ni. Kí ló dé?"

"Kì í ṣe bàbá rẹ̀. Ọ̀dàlẹ̀ ni. Òun ló ṣílẹ̀kùn ìlú fún ọ̀tá. Wọ́n kọ ọ́ síbí gbangba."

"Ẹni tó kọ ọ́ ló ṣì í kọ," mo dá a lóhùn. Èrò bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń bá rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ ò lè kà á ni, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ bá kúkú ti sọ pé ẹ ò lè kà á." Ó gba páàdì lọ́wọ́ ẹni tó mú un, kò kí bàbá, ó yọ idà, ó ṣá a lulẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ ilé mi máa ṣe irú ẹ̀.

Kò bá mi jà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ń pè mí ní gbogbo Jímọ̀ láti béèrè ara mi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Àmọ́ kò bi mí ní "lẹ́yìn náà ńkọ́" mọ́. Nígbà tó yá, gbogbo ayé ní gémù lórí fóònù, mo ti ilé gémù pa, mo bọ́ sí òwò páìpù àti ẹ̀rọ omi, mo sì là ju àwọn tó ń bá mi tà á lọ. Àbúrò mi ríṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó, ó kọ́lé sí Ìtorí, ibẹ̀ ló ti ń lọ síbi iṣẹ́ tó ti ń bọ̀. Ó tún di ẹni ńlá lórí fóònù. Bí wọ́n bá sọ gémù kan di fíìmù, òun ló máa ń kọ̀wé lórí ẹ̀, pé èyí tẹ̀lé ìtàn, èyí bà á jẹ́, àwọn èèyàn tí ò mọ̀ ọ́n rí á sì máa dúró de ohun tó máa sọ.

Àfi bí a ṣe gbọ́ pé wọ́n ti sọ Gémù Afárá di fíìmù, pé ó sì ti dé ilé sinimá tó wà nínú ilé ìtajà ńlá ní Abẹ́òkúta níbí. Àwa ará ilé gémù ìjọ́sí ní gúrúùpù lórí fóònù, ariwo sì sọ níbẹ̀. Akọ̀wé báńkì kan tó jẹ́ oníbàárà mi nígbà náà sọ pé ẹ̀wù pupa ni ọmọkùnrin náà ń wọ̀, kí ló dé tí wọ́n fún un ní aláwọ̀ ewé nínú àwòrán ìpolówó? Télọ̀ wa, tó ti di ọ̀gá ara rẹ̀, fi ohùn ránṣẹ́ pé aṣọ yẹn gan-an ò rí rírán, pé apá rẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ, kí wọ́n bi òun. Àbúrò mi kọ tiẹ̀ ní ìlà kan péré, ó ní bí wọ́n bá fi lè yí nǹkan kan padà nínú ìtàn náà, òun ò ní dá wọn sí.

Télọ̀ ní, "Alága, ṣé ẹ máa wá? Wọ́n máa pa bàbá o."

"Wọn ò ní pa á."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ ọ́ sínú gémù!"

"Mo ní wọn ò ní pa á. Bí wọ́n bá pa á, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní Alága mọ́ ní gbogbo Láfẹ́nwá."

Ẹnu mi ló sáré sọ ọ́, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á padà. Orúkọ yẹn ká mi lára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú àbúrò mi ni mo ń rò. Mi ò fẹ́ jókòó tì í, kó tún máa wo bí wọ́n ṣe ń ṣá bàbá yẹn lulẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àìlà, a pàdé níbẹ̀, àwọn ọkùnrin tó ti ní ikùn àti ìyàwó, a gba ìlà àga kan tán. Àbúrò mi jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Iná kú, fíìmù bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: àwọn tó ṣe fíìmù yẹn mọṣẹ́. Mo ti wo fíìmù tí wọ́n yọ látinú gémù tó jẹ́ pé ìjà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni pé ẹnì kan ló gbàgbé ọwọ́ sórí páàdì. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú tí ogun jó, wọ́n fi hàn wá pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ tó ṣì ń hó lórí ààrò tí kò sí ẹni tó dúró tì í. Odò tí a ń rí nínú gémù bí aṣọ búlúù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ó di odò gidi, ó pọ́n bí odò Ògùn nígbà òjò. Nínú gémù, kì í rẹ ọmọkùnrin yẹn. Nínú fíìmù, ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó, ó yọ òkúta nínú bàtà rẹ̀. Mo ti darí ọmọ yẹn fún ọdún rẹpẹtẹ, mi ò ronú kan ẹsẹ̀ rẹ̀ rí.

Ó wá dé orí afárá.

Igi afárá ń dún. Bàbá dúró síbẹ̀. Nínú gémù, irùngbọ̀n bí òwú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí ló ní. Níbí, ó ní ojú, àárẹ̀ sì hàn lójú náà. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, òyìnbó ò jáde níbì kankan, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti kà fún mi. Ọmọkùnrin náà yọ idà. Mo gbọ́ tí télọ̀ ní, "Yéè." Mo di apá àga mú. Ọmọkùnrin náà wo bàbá, ó wò ó pẹ́, ó ki idà bọ inú àkọ̀. Bàbá gbé ọ̀pá sókè. Ọmọkùnrin náà tẹrí ba, ó wálẹ̀ pátápátá, ó gba abẹ́ ọ̀pá kọjá.

Gbogbo ìlà wa ló pariwo lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ẹni tó pè é: "Ẹ kú ìdúró o, bàbá!"

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níwájú yíjú padà wò wá bí ẹni wo wèrè. Mi ò rí tiwọn rò. Ohùn kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi nínú ariwo yẹn, mo sì mọ̀ ọ́n.

Níta, inú ti ń bí àwọn èèyàn lórí fóònù. Akọ̀wé báńkì ń kà á fún wa pé wọ́n ti ba gémù náà jẹ́, pé ọ̀dàlẹ̀ ni bàbá, kí ló dé tí wọ́n dá a sí, pé àwọn tó ṣe fíìmù ò ṣe gémù náà rí láyé wọn. "Kí wọ́n wá sí Láfẹ́nwá!" télọ̀ ń jó. "Alága, ẹ̀yin lẹ kọ fíìmù yìí!" Mi ò jiyàn. Kí ni mo fẹ́ jiyàn sí?

Àbúrò mi ò kọ nǹkan kan sórí fóònù tiẹ̀. Ó ní kí n wọ mọ́tò, òun á gbé mi délé. A bọ́ sójú títì.

"Bọ̀ọ̀dá, súfèé yẹn. Tó bá ń fá irùngbọ̀n. Ṣé bàbá wa ni?"

"Bàbá mélòó ni mo mọ̀?"

"Iyán gbígbóná ńkọ́?"

"Ìyá wa á gbé e padà sórí iná fún un."

Ó wa mọ́tò lọ. Ó kọjá ẹnu ọ̀nà ilé mi, kò sì dúró, èmi náà ò ràn án létí.

"Nígbà tí ọmọ yẹn ti kọjá tán," ó ní, "tí bàbá wá ku òun nìkan lórí afárá. Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Mo sọ fún un. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìtorí kó tó yí mọ́tò padà.

Mo ti di àgbà báyìí, páìpù ni mò ń tà, àwọn tó ń ra ẹrù lọ́wọ́ mi ò mọ̀ pé mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣàkóso ìlú kan rí. Nígbà mìíràn, tí ṣọ́ọ̀bù bá dá, mo máa ń ronú nípa àwọn tó ṣe fíìmù yẹn, níbi yòówù kí wọ́n wà. Wọn ò mọ̀ mí. Wọ́n ka gbogbo òyìnbó tó wà nínú gémù náà, ó yé wọn yékéyéké, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ bàbá, ibi tí èmi gbà ni wọ́n gbà. Mi ò ní kí wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni òní, fóònù mi máa dún láìpẹ́, àbúrò mi á sì béèrè ibi tí ìtàn bàbá orí afárá dé. Mo ti mọ ìparí ìtàn náà, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo kàn ń rọra sọ ọ́ ni.