Bátìrì Iwájú

Ẹ̀sùn ni mo ń kọ lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo ti fi rúlà fa etí ìwé, mo ti kọ déètì sókè lápá ọ̀tún, mo sì ti kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tán, pé ọkùnrin kan tí gbogbo ọmọ ilẹ̀ wa ní Marcory mọ̀ ń ta òkú bátìrì fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí mo ṣe fi àmì ìdánudúró sí i ni ọkọ̀ akẹ́rù bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí kérora lẹ́nu ọ̀nà. Rùù… rùù… rù… Ó ṣe táà, ó dákẹ́.

"Ẹ pusé!" ni bàbá mi kígbe. Ọ̀rọ̀ Faransé yìí, èdè ilẹ̀ àjèjì tí a ń gbé, pé kí a wá ti ọkọ̀, ni gbogbo àgbàlá wa mọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń kíni káàárọ̀ lọ. Kálukú sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, títí kan ìyá tó ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹnu géètì. A ti ọkọ̀ náà dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó yí, ó húkọ́, ó tú èéfín funfun sí wa lójú, ó sì lọ.

Ọdún 1974 ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, a sì wà ní ìsinmi. Bàbá mi ń fi ọkọ̀ náà kó ẹja láti Port-Bouët lọ sí ọjà, ẹja kì í sì í dúró de ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn.

Ẹni tí mo ń kọ ẹ̀sùn nípa rẹ̀ ni Bàbá Oníbátìrì, ọ̀rẹ́ bàbá mi láti Ṣakí, tó ní ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Marcory. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti kí ìrun Àsárì tán, àwọn méjèèjì á jókòó sí iwájú ọkọ̀ náà, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, wọ́n á máa gbọ́ rédíò tí bàbá mi rà lọ́wọ́ atukọ̀ ojú omi kan. Wọ́n á máa bá ẹni tó ń ka ìròyìn jiyàn bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bátìrì dákú. Bàbá Oníbátìrì pààrọ̀ àkọ́kọ́ fún wa tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó pààrọ̀ ìkejì láìrẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ìkẹta, ó ní, "Gbé ọkọ̀ wá kí n wò ó." Bàbá mi fèsì pé, "Ṣé ọkọ̀ mi ló ta bátìrì fún mi ni?" Láti ọjọ́ náà ni àga kejì ti ṣófo nínú ọkọ̀.

Bàbá mi fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé àwọn ọmọ Ṣakí lọ́jọ́ Sunday. Bí ìpàdé bá dá a lẹ́bi, ọmọ ilẹ̀ wa kankan kò ní ra nǹkan lọ́wọ́ Bàbá Oníbátìrì mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni àwa náà ni oníbàárà rẹ̀. Èmi tí mo máa ń kọ̀wé láìta tádàwá sí i ni wọ́n ní kí n kọ ọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ̀sùn mi péye. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó ti bàbá mi pẹ̀lú gègé.

"Bàbá, èwo ló kọ́kọ́ kú?"

"Ti iwájú."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Ti iwájú."

"Ìkẹta?"

"Iwájú náà ni. Kí ló dé? Ṣé adájọ́ ni ọ́ ni? Ti ẹ̀yìn kò ṣe nǹkan kan, àfi pé ó ń mu omi bí ẹṣin."

Bátìrì méjì ló wà nínú àpótí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, gègé mi sì dúró. Báwo ni jìbìtì oníbátìrì ṣe mọ̀ pé iwájú ni kí òun máa jókòó sí?

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní Thursday mo yọ́ lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i. Kò béèrè ẹni tó rán mi. Ó gbé bátìrì méjì tí bàbá mi ti dá padà jáde, ó ṣí ìdérí wọn, ó fi ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan fa asíìdì inú wọn. Ohun kékeré tó ń léfòó nínú ìgò náà dúró síbi àmì àwọ̀ ewé, ìyẹn ni pé iná kún inú wọn.

"Ṣé òkú máa ń jí báyìí?" ó ní. "Iná nìkan ni mo fún wọn. Ebi ló ń pa wọ́n. Ẹ́ńjìnì gásọ́ìlì, epo dísù yìí, kì í jí fún ọ̀lẹ. Bí wọn kò bá yí i kíákíá, kò ní gbiná. Bátìrì méjèèjì ló sì jọ ń yí i. Nǹkan kan wà nínú ọkọ̀ yín tó ń jẹ oúnjẹ ti iwájú. Ti ẹ̀yìn yó débi pé ó ń hó, ìdí tó fi ń mu omi nìyẹn. Lọ wá olè náà."

Nígbà tí ọkọ̀ dé, mo ṣí àpótí náà. Wáyà nínípọn méjì ló wà lórí bátìrì ẹ̀yìn. Méjì náà ló wà lórí ti iwájú, pẹ̀lú wáyà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi téèpù búlúù wé. Téèpù tí mo fi ń di ẹ̀yìn ìwé mi ni.

Nígbà tí bàbá mi ra rédíò náà, fólítì méjìlá ni wọ́n kọ sí i lára, ọkọ̀ sì jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Ó ti fẹ́ dá a padà. Èmi ni mo fi ọwọ́ lé ìbàdí, tí mo ní bátìrì kọ̀ọ̀kan jẹ́ méjìlá, kí a so rédíò mọ́ ẹyọ kan péré. Mo mú ti iwájú nítorí ibẹ̀ ni wáyà mi gùn dé. Rédíò sọ̀rọ̀, bàbá mi sì pe gbogbo àgbàlá: "Ẹ wá wo ọmọ tó ń kàwé!" Ìṣirò mi kò ní àṣìṣe kankan. N kò kàn béèrè ẹni tí yóò máa dá ohun tí rédíò ń jẹ padà ni, nígbà tó jẹ́ pé ọgbọọgba ni dínámò, tó ń fi iná kún bátìrì, ń bọ́ àwọn méjèèjì.

Odindi ọjọ́ kan ni mo fi wá ẹnu sọ ọ́. Ní Saturday mo fi han bàbá mi. Ó wo wáyà, ó wò mí, ó wo rédíò.

"Ta ló so ó?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Èmi ni mo ní kí o so ó. Ṣé o ti kọ ẹ̀sùn yẹn tán?"

"Ó ku díẹ̀."

"Pa orúkọ rẹ̀ rẹ́."

Ní Sunday, èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ láàárín ènìyàn mẹ́ta dìde níwájú ìpàdé, mo ka ẹ̀sùn tí mo fi kan ara mi láti òkè dé ilẹ̀, wáyà pupa àti téèpù búlúù kò gbẹ́yìn. Bàbá mi bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Alága, bàbá arúgbó kan tí eyín rẹ̀ ti tán, ní, "Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ṣùgbọ́n ìka yìí náà la ó fi máa kọ̀wé ìpàdé. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Oníbátìrì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé bàtà rẹ̀, ó lọ.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, àwọn àgbà méjèèjì sì ti re ibi àgbà ń rè. Bí mo bá gbọ́ ọkọ̀ tó ń kérora láàárọ̀, n kì í yára sọ pé bátìrì rẹ̀ kú. Mo máa ń fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ ẹ́. Mo sì máa ń rántí ìrọ̀lẹ́ Sunday yẹn, tí mo jókòó ti bàbá mi níwájú ọkọ̀ lẹ́yìn Àsárì. Mo ti gé wáyà pupa náà, rédíò ti yadi, àwa méjèèjì sì ń wo ọ̀nà. Ìgbà náà ni Bàbá Oníbátìrì yọ ní ìkóríta, tó há bátìrì kékeré kan sí abíyá fún rédíò nìkan. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Dìde níbẹ̀, ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì," ó ní. "Àga mi lo jókòó sí."