Bàbá Ó-Ku-Díẹ̀ àti Ọkọ̀ Inú Ihò

Ọjọ́ tí ọ̀gá ayẹ̀wò wọ ọkọ̀ Bàbá Ó-Ku-Díẹ̀ ni wọ́n fi ń rántí olóògbé náà jù. Odò kan wà tó gba abẹ́ òkè kọjá, nínú ihò tó ṣókùnkùn biribiri, bàbá yìí ló sì ń fi ọkọ̀ gbé àwọn àlejò wọ ibẹ̀. Ó ti de kẹ̀kẹ́ àlòkù kan mọ́ ọkọ̀ náà: bó bá ń fẹsẹ̀ wà á, ọkọ̀ á máa lọ, iná á sì máa tàn. Àmọ́ tí bàbá bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró, bẹ́ẹ̀ bàbá kì í sinmi ọ̀rọ̀.

"Ẹ wo òkúta yìí," ni bàbá wí fún ọ̀gá lọ́jọ́ náà, ló bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kẹ̀kẹ́. Iná kú. "Ìyá ìyàwó mi gan-an nìyí. Ẹ wo imú!"

"Bàbá, mi ò rí nǹkan kan!"

"Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn ná, ọ̀gá. Ẹ ó rí i tí mo bá parí."

"Ìgbà wo lẹ ó parí?"

"Ó ku díẹ̀."

Wákàtí méjì gbáko ni ọ̀gá fi di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé dé láti ọ́fíìsì ọ̀gá: kí bàbá pa ẹnu mọ́ nínú ihò, tàbí kó fi ọkọ̀ sílẹ̀. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, ó bá pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò rí sọ, ilé ló ń kó o bọ̀. Ó ń sọ ọ́ nídìí ààrò, ó ń sọ ọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyàwó rẹ̀ gbéra, ó di ọ́fíìsì ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí bàbá máa sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́."

"Iná ńkọ́, ìyá?"

"Èmi á máa wa kẹ̀kẹ́."

Ọdún mọ́kànlá ni ìyá fi wà á. Bàbá á ní omi náà ti gbé òun dé ìlú kan tí gbogbo èèyàn ti ń sùn lóòró. Ìyá á ké láti ẹ̀yìn pé, "Irọ́ ni o! Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà." Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá kú lójú oorun, jẹ́ẹ́, ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí lọ́dọ̀ rẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìyá padà sẹ́nu iṣẹ́. Iná ń tàn, ọkọ̀ ń lọ, ihò pa lọ́lọ́, ó sì ń dùn ún. Àlejò kan wá nawọ́. "Ìyá, kí ni òkúta yẹn?"

Ìyá mọ̀ pé òkúta lásán ni. 

"Ibẹ̀ yẹn," ó ní, "ni ọkọ mi ti bá ẹja kan tó dé fìlà jìjàkadì." Ó sọ ọ́ délẹ̀. Àlejò náà bú sẹ́rìn-ín pé irọ́ ni.

Ìyá yíjú sí i, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ta ló ní irọ́ ni? Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?"